Wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi imí-ọjọ́ bo oòrùn lójú: kí ni yóò ṣe òjò àti ìjì wa ní Èkìtì?

Tíṣà_Ìkọ̀lé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ìjì ṣí òrùlé kíláàsì méjì nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń kọ́ni. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, àwọn ọmọ ti lọ sílé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Èmi nìkan ló kù, mò ń máàkì ìwé. Ojú ọ̀run ṣú láti ọ̀nà Ọmùò, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn ewúrẹ́ sáré wá sábẹ́ wíńdò, afẹ́fẹ́ tútù kan gbé eruku pupa dìde ní pápá. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo gbọ́ ìró páànù, ó dún bí ìgbà tí èèyàn ya aṣọ òfì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo jáde, páànù mẹ́sàn-án ti há sórí igi máńgòrò, pẹ̀lú igi tí wọ́n kàn wọ́n mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn òbí pé kì í ṣe ojú lásán, pé àwọn òyìnbó ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú fọ́n oògùn sójú ọ̀run láti bo oòrùn, pé òun ló ń da ìjì rú káàkiri ayé. Àwọn òbí kan ti gbà á gbọ́. Lánàá, ọmọbìnrin kan ní Práímárì 5 nawọ́ sókè, ó ní: "Tíṣà, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ pa iná oòrùn?" Mo ní kó jẹ́ kí n wádìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó là mí lóye. Ṣé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà? Tó bá sì wà, ṣé ó lè kan òjò wa?

Ọmọ_Olósùnta

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Tíṣà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́.

Èmi náà ti gbọ́ ohùn yẹn. Ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, àwọn kan ń tọ́ka sí ìlà funfun tí ọkọ̀ òfuurufú máa ń fà lẹ́yìn, wọ́n ní oògùn náà nìyẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ojú_Ọjọ́_Adó

Ẹ kú ìrọ́jú, Tíṣà. Ẹ̀kọ́ nípa ojú-ọjọ́ ni mo kọ́ ní Àkúrẹ́, Adó ni mò ń gbé báyìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìlà funfun yẹn kúrò ńlẹ̀. Omi ni. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú ń tú ooru tó lómi nínú jáde, níbi tí ọkọ̀ ńlá sì ń fò, otútù ibẹ̀ ju ti inú fìríìsà lọ, omi náà á di yìnyín wínníwínní lójú ẹsẹ̀. Èémí ẹnu wa náà ń yọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́.

Àmọ́ ohùn WhatsApp yẹn ò parọ́ tán. Èrò náà wà. Kì í ṣe pípa iná oòrùn, dídá díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà ni, bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kó tó dé ilẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí irú rẹ̀. Ẹ rántí àárọ̀ oṣù Ṣẹẹrẹ tí ọyẹ́ bá mú gan-an, tí oòrùn funfun bí àwo tánganran, tẹ́ ẹ lè wò ó láì dijú. Eruku ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Bodélé wá, ilẹ̀ adágún tó ti gbẹ ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì. Ìyàtọ̀ ni pé eruku ọyẹ́ kò ga, láàárín ọjọ́ mélòó kan á ti balẹ̀ sórí aṣọ tẹ́ ẹ sá. Imí-ọjọ́ (sulphur) tí àwọn tó ní èrò yìí fẹ́ fi bo oòrùn, nǹkan bíi kìlómítà 20 sókè ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ. Ibẹ̀ ga ju ibi tí ọkọ̀ èrò ń fò lọ, ó sì ga ju ibi tí òjò ti ń rọ̀. Nítorí pé òjò ò lè fọ̀ ọ́ wálẹ̀ níbẹ̀, á pẹ́ tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lókè.

Ara òkè tí ń yọ iná ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ní oṣù Òkudù ọdún 1991, òkè Pinatubo ní Philippines bú, ó tú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 15 sí 20 èéfín imí-ọjọ́ sókè. Gbogbo ayé tutù tó nǹkan bí ìdajì dígírì Celsius ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ní 2006, Paul Crutzen, onímọ̀ tó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 1995, wá kọ ọ́ pé bí ayé bá kọ̀ láti dín èéfín tó ń mú ayé gbóná kù, ó yẹ ká ṣe ìwádìí bóyá èèyàn lè ṣe ohun tí Pinatubo ṣe. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ohun tí wọ́n ń sọ ní kọ̀rọ̀.

Wọn ò tíì ṣe é, Tíṣà. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà fẹ́ dán ẹ̀rọ wọn wò ní Kiruna, ní Sweden, ní 2021. Wọn ò tilẹ̀ ní fọ́n ohunkóhun lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ àwọn ará Sámì tó ni ilẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì pa ètò náà tì pátápátá ní 2024. Ilé iṣẹ́ kékeré kan láti Amẹ́ríkà fi bàlúùnù gbé imí-ọjọ́ díẹ̀ lọ sókè ní Mexico ní 2022, kò pẹ́ tí ìjọba Mexico kéde pé àwọn máa fòfin de irú rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tó lè gbé páànù kan ní Ìkọ̀lé.

Tíṣà_Ìkọ̀lé

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti tún lọ wo àwọn igi òrùlé náà láàárọ̀ yìí. Ìṣó wọn ti dípẹtà, òmíràn ò wọlé ju ìdajì lọ. Wọ́n sì ti gé àwọn igi tíìkì tó wà lẹ́yìn kíláàsì ní ọdún tó kọjá, àwọn ló ń gba afẹ́fẹ́ sára tẹ́lẹ̀. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp àwọn òbí kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i.

Ẹ wá sọ tọjọ́ iwájú fún mi. Bí wọ́n bá ṣe é ńkọ́?

Bàbá_Ìjerò

Ẹ kú ulé o. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ọmọdé ń sọ̀rọ̀ òjò, ẹ jẹ́ kí n sọ ti 1983 fún yín. Mo ti gba oko kòkó lọ́wọ́ bàbá mi nígbà yẹn. Òjò ọdún náà dá gááló, ewé kòkó ká kò bí ewé tábà. Ọyẹ́ tó mú, kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Iná bẹ̀rẹ̀ láti oko ẹnì kan, ó wọ́ lórí ewé gbígbẹ bí ejò, ó dé ọ̀dọ̀ wa lóru. A gé ewé ọ̀pẹ tútù, a ń fi lù ú. Abala oko mẹ́ta la pàdánù, igi tí bàbá mi gbìn kí wọ́n tó bí mi. Èpo igi kòkó tó ń jóná ní òórùn kan, kò tíì kúrò nímú mi.

Nígbà náà a ní ilẹ̀ ló bínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, kí ló fà á?

Ojú_Ọjọ́_Adó

Bàbá, ẹ kú àjálù ìgbà náà. Ìbéèrè yín ló gbé mi dé ibi tí mo ń bọ̀.

Nǹkan méjì ni wọ́n mọ̀ tó bá ọdún yẹn pàdé. Àkọ́kọ́ ni El Niño ńlá ti 1982 sí 1983, ìyẹn gbígbóná omi òkun Pàsífíìkì, tó máa ń da òjò rú káàkiri ayé. Èkejì ni pé ní 1982, òkè El Chichón bú ní Mexico, imí-ọjọ́ rẹ̀ sì pọ̀ jù ní apá àríwá ayé, níbi tí àwa náà wà.

Ní 2013, Jim Haywood àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Exeter, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwádìí jáde. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ òjò ní Sàhẹ́lì, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Sudan, láti 1900 sí 2010. Nínú àkókò òjò mẹ́rin tó gbẹ jù lọ láàárín gbogbo ọdún yẹn, mẹ́ta ló tẹ̀lé òkè ńlá tó bú ní apá àríwá: ọ̀kan tẹ̀lé Katmai ní Alaska ní 1912, méjì tẹ̀lé El Chichón yìí.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ọ̀já òjò kan wà tó yí ayé po ní ìtòsí ìlà tó pín ayé sí àríwá àti gúúsù. Ọ̀já yìí máa ń tẹ̀lé ibi tó bá móoru jù, bí ẹran ọ̀sìn ṣe ń tẹ̀lé koríko tútù. Oṣù Ẹrẹ̀nà ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, kó tó di oṣù Ògún á ti gòkè lọ sí Kánò àti Sókótó. Ìgbà yẹn là ń pè ní August break níbí, tí òjò á fún wa láyè díẹ̀. Tó bá di oṣù Ọ̀wàrà á tún ti gba ọ̀dọ̀ wa kọjá padà. Ẹni tó bá mú apá àríwá ayé nìkan tutù, ó ti sọ fún ọ̀já òjò náà pé kó má gòkè. Àwọn kọ̀ǹpútà Exeter fi hàn pé bí wọ́n bá ń fọ́n imí-ọjọ́ sí àríwá nìkan, ọ̀dá á mú Sàhẹ́lì. Bí wọ́n bá fọ́n ọn sí gúúsù nìkan, Sàhẹ́lì á rí òjò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Imí-ọjọ́ kan náà ni o, ibi tí wọ́n dúró fọ́n ọn nìkan ló yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá bi mí pé ṣé ohun náà dáa tàbí kò dáa, èmi náà á bi í pé níbo ni wọ́n ti máa fọ́n ọn, ta ni yóò sì yan ibẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n_Houston

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni mí, Houston ní Amẹ́ríkà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti 2009.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ti ẹni tó ń gbé lẹ́bàá ìjì òkun. Ní 2017, ìjì òkun tí wọ́n ń pè ní Harvey jókòó lé wa lórí fún ọjọ́ mẹ́rin. Omi wọlé wa dé orúnkún, mo gbé ọmọ mi obìnrin lé èjìká, ìyàwó mi gbé àpótí ìwé ìrìnnà wa lé orí bí ẹni ń ti odò bọ̀. Ní 2024, Beryl mú iná lọ lọ́dọ̀ ilé tó ju mílíọ̀nù méjì lọ, nínú ooru oṣù Agẹmọ. Àwọn arúgbó kú sínú ilé wọn.

Mo ti kà á pé ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí lè dín ìjì òkun kù. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín, ọkàn mi fà sí i.

Ojú_Ọjọ́_Adó

Ẹ kú ewu, ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ lẹ kà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ fún yín.

Ìjì tó dé bá yín ní Houston, ọ̀dọ̀ wa níbí ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń gbéra. Ìgbì afẹ́fẹ́ kan máa ń ti àwọn òkè Ethiopia àti Sudan jáde, á gba orí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá lákòókò òjò, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni ọ̀kan ń tẹ̀lé ìkejì. Afẹ́fẹ́ òkè tó ń gbé ìgbì náà láti ìlà-oòrùn ló fà á tí ìjì wa náà fi ń ti ìlà-oòrùn wá. Tíṣà rí i láti ọ̀nà Ọmùò, bẹ́ẹ̀ sì rèé láti ìhà òkun ní gúúsù ni afẹ́fẹ́ tó gbé omi òjò wá ti ń fẹ́. Nígbà tí ìgbì náà bá kúrò lórí ilẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà, tó bá omi òkun gbígbóná pàdé lẹ́bàá Cape Verde, òmíràn nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òòyì. Nínú àwọn ìjì òkun ńlá (họrikéènì) ti Àtìláńtíìkì tó le jù lọ, nǹkan bí 85 nínú 100 ló ti ara ìgbì Áfíríkà yìí wá. Harvey wà lára wọn, Beryl náà wà níbẹ̀.

Ní 2017 tí Harvey ṣẹlẹ̀ gan-an, Anthony Jones pẹ̀lú Haywood àti àwọn mìíràn ní Exeter wo ọ̀rọ̀ ìjì òkun. Kọ̀ǹpútà wọn sọ pé bí wọ́n bá fọ́n imí-ọjọ́ sí àríwá nìkan, ìjì òkun Àtìláńtíìkì á dínkù. Bí wọ́n bá fọ́n ọn sí gúúsù nìkan, á pọ̀ sí i.

Ẹ tò ó pọ̀ mọ́ ti 2013. Àríwá tó ń dín ìjì kù fún Houston ni àríwá kan náà tó ń mú ọ̀dá bá Sàhẹ́lì. Gúúsù tó ń fún Sàhẹ́lì lójò ló ń fi ìjì kún ti Houston. Ọwọ́ kan náà ló ń fún ẹnì kan lómi tó sì ń gbà á lẹ́nu ẹlòmíì.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n_Houston

Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kà á fún ìyàwó mi. Ìyá mi ṣì wà ní Ẹ̀fọ̀n, lójú oko. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ jókòó nídìí tábìlì kan kí n ní kí wọ́n gbà mí lọ́wọ́ ìjì, kí ọ̀nà ibẹ̀ sì jẹ́ pé ẹlòmíì ò ní róúnjẹ.

Ìyálọ́jà_Adó

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí i pé Sàhẹ́lì ni gbogbo yín ń sọ bí ẹni pé ibẹ̀ jìnnà. Ẹ̀wà àti àlùbọ́sà ni mò ń tà ní Ọjà Ọba láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó hù ní Èkìtì. Òkè Ọya ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Bí òjò ò bá rọ̀ níbẹ̀ lóṣù Ògún, tó bá fi máa di oṣù Belu, owó tí mo fi ń ra àpò méjì kò ní lè ra ọ̀kan mọ́. Ìyá arúgbó kan á wá ra ẹ̀wà káńgò kan, á wo ojú káńgò náà, á wo ojú mi, á ní kí n bu ìdajì.

Àwọn màlúù ńkọ́? Nígbà tí koríko bá tán lókè lọ́hùn-ún, ọ̀nà gúúsù ni wọ́n ń dà wọ́n gbà. A rí wàhálà tó tìtorí ẹ̀ ṣẹlẹ̀ débi pé Èkìtì ṣe òfin ìjẹko màlúù ní 2016. Ará ilé ẹni ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ọmọ_Olósùnta

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ gbogbo yín, màmá, pàápàá tiyín. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti sọ apá kejì, mo sì máa sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Ooru ń pa wá báyìí náà. Ọdún 2024 ni àjọ ojú-ọjọ́ àgbáyé sọ pé ó gbóná jù lọ látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi nǹkan bíi dígírì kan àtààbọ̀ ju ti ayé àtijọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ní oṣù Ẹrẹ̀nà, inú wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé máa ń gbóná débi pé ìyá á fi ìwé káàdì fẹ́ ọmọ rẹ̀ láti alẹ́ dé àárọ̀, ọwọ́ á rò ó, á pààrọ̀ ọwọ́. Àwọn tó rú èéfín náà kò ṣíwọ́. Bí oògùn kan bá wà tó lè mú ibà náà wálẹ̀ nígbà tí à ń tọ́jú àrùn, ṣé ká má tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ni? Wọn ò ṣáà sọ pé àríwá nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ́n ọn sí méjèèjì.

Ojú_Ọjọ́_Adó

Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ, àbúrò, mi ò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ìwádìí rẹ̀ ló ń sọ ohun tí o sọ, pé kí wọ́n fọ́n ọn ní ìhà méjèèjì lọ́gbọọgba kí ọ̀já òjò má bàa yẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ooru á dínkù ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi, èyí tó burú nínú ewu àríwá nìkan á sì dínkù púpọ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Òjò ni mi ò tíì gbà. Oòrùn ló ń fa omi òkun sókè di òjò. Bí o bá dín oòrùn kù, omi tó ń gòkè náà á dínkù. Òjò tiwa sì tún ń wá nítorí pé ilẹ̀ ń gbóná ju òkun lọ lákòókò òjò, afẹ́fẹ́ tó lómi nínú á wá ti orí òkun wọlé. Bí ilẹ̀ ò bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, agbára tó ń fà á á rọ̀. Lẹ́yìn Pinatubo, Kevin Trenberth àti Aiguo Dai wo àkọsílẹ̀, wọ́n sì rí i pé òjò orí ilẹ̀ àti omi tó ń ti inú odò wọ òkun dínkù gan-an láàárín 1991 sí 1992. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Abiodun, ọmọ tiwa tó wà ní Yunifásítì Cape Town, wà lára àwọn tó ti ń fi kọ̀ǹpútà wo ohun tí ìbojì yìí máa ṣe sí ọ̀dá lórí àwọn odò ńlá Áfíríkà. Ó dùn mọ́ mi pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń bi ìbéèrè yìí.

Ó wá ku dídá a dúró. Èéfín tó ń mú ayé gbóná ń pẹ́ lókè fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, imí-ọjọ́ kì í ju ọdún kan sí méjì lọ. Nítorí náà wọ́n ní láti máa fọ́n ọn lọ́dọọdún, láìsinmi, fún ọ̀pọ̀ ìran. Bí ogun tàbí ìṣubú ọrọ̀ ajé bá dá a dúró lójijì, gbogbo ooru tí wọ́n ti fi pamọ́ á tú jáde láàárín ọdún mẹ́wàá sí ogún. Kòkó ò lè sáré tó bẹ́ẹ̀. O mọ oògùn tí aláìsàn ò gbọ́dọ̀ dá dúró lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ọ̀sì ni ọ́.

Ọmọ_Olósùnta

Mo mọ̀ wọ́n. A máa ń kìlọ̀ fún wọn títí, síbẹ̀ wọ́n á dá a dúró, nítorí owó ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ó yé mi.

Oníràìsì_Ìgbẹ́mọ

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kékeré. Ìràìsì fẹ́ràn oòrùn. Lọ́dún tí ìkùukùu bá pọ̀ jù nígbà tó ń yọmọ, òfìfo ló máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ báyìí, á bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí wọ́n bá wá bo oòrùn, kí ni ká máa retí?

Ojú_Ọjọ́_Adó

Àwọn kan ti wádìí rẹ̀. Jonathan Proctor àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ní 2018, lo El Chichón àti Pinatubo láti wo àgbàdo, ìràìsì, sóyà àti àlìkámà. Ohun tí wọ́n rí ni pé èrè tí irúgbìn jẹ nínú ooru tó dínkù, ìmọ́lẹ̀ tó dínkù ti gbà á padà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wọ́n fi gba ara wọn. Ohun tí ojú yín rí lóko ni ìwé wọn náà sọ.

Bàbá_Ìjerò

Ta wá ni wọ́n fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ nǹkan yìí sí lọ́wọ́?

Ojú_Ọjọ́_Adó

Kò tíì sí òfin àgbáyé kan tó dá a lóhùn, bàbá. Ní 2023, ní Addis Ababa, àwọn mínísítà àyíká ilẹ̀ Áfíríkà sọ pé àwọn fẹ́ àdéhùn àgbáyé tí yóò ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé àyíká ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè ní Nairobi, Switzerland ló mú un wá, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà dúró lórí ohùn wọn, ìpàdé tú ká láìfohùnṣọ̀kan. Ní 2025, àjọ ìwádìí ìjọba Britain kan tó ń jẹ́ ARIA ya owó tó ju àádọ́ta mílíọ̀nù pọ́ùn sọ́tọ̀ fún ìwádìí rẹ̀ àti ti àwọn ọ̀nà mìíràn láti mú ayé tutù, títí kan ìdánwò kéékèèké níta gbangba. Nítorí náà ọ̀rọ̀ náà ń rìn, kò jókòó.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé nígbà tí wọ́n bá pe Èkìtì láti wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí la fẹ́ gbé kalẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé wọ́n jí òjò òun ní láti fi hàn iye òjò tó ń rọ̀ fún òun tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wọn òjò lójoojúmọ́ ní ìpínlẹ̀ wa kéré gan-an. Bàbá Ìjerò mọ 1983 nínú imú rẹ̀, ṣùgbọ́n imú kì í wọ ilé ẹjọ́.

Tíṣà_Ìkọ̀lé

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Báwo la ṣe ń wọn òjò? Ṣé ó ní owó lórí?

Ojú_Ọjọ́_Adó

Kò ná yín ní nǹkan. Ẹ wá agolo tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ gba bákan náà, irú agolo mílíìkì ńlá. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀ ní pápá kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, kó jìnnà sí igi àti ilé, kí ẹnu rẹ̀ dúró ṣánṣán. Lójoojúmọ́, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ fi rúlà wọn bí omi inú rẹ̀ ṣe jìn tó ní mílímítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ da omi náà nù. Ọjọ́ tí òjò ò rọ̀, ẹ kọ òdo. Òdo yẹn ṣe pàtàkì bí òjò fúnra rẹ̀, ẹ má fò ó.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n_Houston

Tíṣà, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì ilé ìwé ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Ìṣó tuntun àti páànù mẹ́sàn-án yẹn wà lọ́rùn mi. Kí wọ́n fi bẹ́líìtì irin de igi òrùlé náà mọ́ ògiri, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí.

Tíṣà_Ìkọ̀lé

Ọlọ́run á bùkún yín o, ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi ránṣẹ́.

Mo ti dá ọmọ Práímárì 5 yẹn lóhùn. Mo ní kò sẹ́ni tó fẹ́ pa iná oòrùn, pé àwọn kan ń rò ó láti ta ìbòjú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, pé ibi tí wọ́n bá ta á sí lè sún òjò kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ó ronú díẹ̀, ó ní: "Ṣé wọ́n á kọ́kọ́ bi wá?" Mo ní nítorí ìyẹn la ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òjò wa sílẹ̀.

Òun ni mo fi ṣe olórí agolo. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé tí agolo bá fẹ̀ jù ńkọ́, ṣé òjò ò ní pọ̀ jù nínú rẹ̀? A gbé agolo méjì síta lóru Ọjọ́rú, ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́. Òjò rọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, gbogbo kíláàsì dúró yí i ká nínú ẹrẹ̀, ó ti rúlà bọ inú àkọ́kọ́, ó ti bọ inú èkejì. Ọ̀kan náà ni: mílímítà 23. Ó kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé tuntun náà pẹ̀lú bírò pupa, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì da omi náà sídìí igi máńgòrò.